Ohùn Àárín

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, lórí òrùlé wa ní Ìtọ́kò,
páànù tó ti dípẹtà kí wọ́n tó bí mi.
Ìbídàpọ̀ ẹ̀gbọ́n mi so àńtẹ́nà méjì mọ́ ọ̀pá tí à ń sá aṣọ sí,
ó ní kí n di ọ̀pá mú, kí n má mì.
Ọ̀kan kọjú sí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà ní Ìkijà,
èkejì kọjú sí odò Ògùn.
"Ta là ń ránṣẹ́ sí?" ni mo bi í.
"A ò ránṣẹ́ sẹ́nì kankan. Etí là ń tẹ́."

Àdán a máa ké kó tó mọ̀nà.
Èyí ò ké. Ohùn olóhùn ló ń yá gbọ́,
bí ìgbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó ti fèrèsé
lọ́dún tí wọ́n já wáyà iná wa,
tá a ń fi iná jẹnẹrétọ̀ Alájì Kúyẹ̀ kàwé ìdánwò,
tí Alájì ò sì mọ̀
pé òun ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síléèwé.

Òpó Ìkijà ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán tòru:
ìlérí ìfẹ́, gbèsè, "ṣé o ti jẹun,"
irọ́ ẹni tó ṣì wà ní Pánṣẹ́kẹ̀ tó ní òun ti dé Lafẹ́nwá.
Ẹ̀gbọ́n mi ò wá ọ̀rọ̀ wọn.
Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọlu nǹkan tó sì ta padà ló ń wá:
ara ọ̀kadà, ara ewúrẹ́, ara ọkọ̀ ojú irin lórí afárá,
ara ẹni tí kò ní fóònù rárá.
Ìgbì ò bèèrè káàdì.
Ó fara kàn ọ́, ó kọjá, ó ti ròyìn rẹ fún wa.

Ìyá wa wà nísàlẹ̀, lórí àga ẹnu ọ̀nà.
Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ wọn ní dò-re-mí ní kíláàsì kẹta,
òun sì ni Ìbídàpọ̀ ń ké àlàyé sí láti òkè:
"Mọ́mì, ohun tó bá ń bọ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè: mí.
Tó bá ń lọ, á wálẹ̀: dò."
Ìyá ní, "'Bọ̀' fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣebí ohùn ìsàlẹ̀ ló ní?
Ẹ̀rọ yín ò kàwé.
Èyí tó dúró ńkọ́?"
"Re ni. A ò fi àmì sí i. Ẹ̀rọ á yọ ọ́ kúrò,
àpáta, ilé, igi, kí ohun tó ń rìn lè hàn."
Ìyá dákẹ́.

Lójú kọ̀ǹpútà, ìlú wa ò sí mọ́.
Òkúta ò sí, ṣọ́ọ̀ṣì ò sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún páànù ò sí.
Òkùnkùn ni, pẹ̀lú àmì wínníwínní tó ń fà lọ, tó ń fà bọ̀.
Ọ̀kan yọ lórí odò. Ó ń rọra bọ̀.
"Ọkọ̀ ni," ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ wẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó sá.
Láti ìsàlẹ̀: "Kí lẹ rí? Ọkọ̀ àbí ọkọ?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Ọdún tí odò yẹn kún dé ìdí fèrèsé ní Lafẹ́nwá,
ọkọ̀ bàbá wa padà wá. Omi ló tù ú.
Ẹ̀rọ yìí ì bá ti rí i. Ì bá ti pè é ní mí.
Kò ní mọ̀ pé kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀.

Ọ̀pá mì lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi wí.

"Èmi ńkọ́," ìyá tún pè, "ṣé mo wà níbẹ̀?"
"Ẹ ò sí níbẹ̀, Mọ́mì. Ẹ ò rìn."
"Re náà ò lámì," ni ó wí, "ẹnu sì ń pè é.
Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ wá jẹun.
Ẹ̀kọ ti tutù."